Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn: ta ló ń gbọ́ ohun tẹ́ ẹ bá sọ síbẹ̀?

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kíà, ìyẹn ìtọ́jú aláìsàn, nílùú Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pósítà méjì ló lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀kan ń kọ́ wa bí a ṣe ń fọwọ́. Èkejì gbé àwòrán obìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín, nọ́ńbà fóònù tó fi 0800 bẹ̀rẹ̀, àti ìdánilójú pé àṣírí ni ohunkóhun tẹ́ ẹ bá sọ. Igun pósítà náà ti ká kò, ẹnì kan sì ti fi báírò ya irùngbọ̀n sí obìnrin náà lágbọ̀n. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń wò ó tí mi ò kà á dópin.

Àbúrò kan tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ ló sọ ọ́ di kíkà fún mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, níbi tí a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, mi ò róorun sùn mọ́. Tí mo bá délé, etí bẹ́ẹ̀dì ni mo máa jókòó sí títí aago iṣẹ́ á tún fi lù. Mo fẹ́ pe nọ́ńbà ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn, àmọ́ ṣé wọn ò ní lọ sọ fún máníjà? Ṣé kò ní kan físà mi?"

Mi ò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Láti kékeré la ti ń gbọ́ pé ògiri létí, ẹni tí físà rẹ̀ sì so mọ́ agbanisíṣẹ́, kò sí ògiri tí kì í fura sí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ bá mi délé. Mo jókòó ti ìwé àdéhùn iṣẹ́ wa, mo ka ìwé pélébé ètò náà láti òkè délẹ̀, mo wá pe nọ́ńbà yẹn fúnra mi láti bi wọ́n léèrè. Ohun tí mo bá bọ̀ rèé.

Employee Assistance Programme ni òyìnbó ń pè é. EAP ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn. Kò le rárá. Iléeṣẹ́ yín lọ bá iléeṣẹ́ mìíràn tó jẹ́ pé gbígbọ́ ẹ̀dùn ọkàn èèyàn niṣẹ́ tirẹ̀, ó ń sanwó fún un lórí iye òṣìṣẹ́ tó ní, èyíinì wá gbé nọ́ńbà kan kalẹ̀ tẹ́ ẹ lè pè tọ̀sán-tòru. Ẹ̀yin ò ní san kọ́bọ̀. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ìjà tọkọtaya, ọ̀fọ̀, gbèsè, ọtí, ọmọ tó ń yà bàrá, òbí tó ń ṣàìsàn, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́. Wọ́n á fún yín ní olùdámọ̀ràn tẹ́ ẹ máa bá sọ̀rọ̀ ní ìgbà díẹ̀, ìgbà mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ló wọ́pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ètò yìí tún ní agbẹjọ́rò tó lè là yín lóye lórí ọ̀rọ̀ ilé tàbí ìkọ̀sílẹ̀, àti onímọ̀ nípa gbèsè.

Ohun tó ń dà á rú mọ́ wa lójú ni pé etí mẹ́ta ló wà níbi iṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwa sì ń rò pé etí kan ṣoṣo ni.

Etí kìíní ni HR, ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Iléeṣẹ́ ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́. Wọ́n lè ṣèèyàn o, àmọ́ inú fáìlì yín ni ohun tẹ́ ẹ bá sọ fún wọn ń lọ. Etí kejì ni dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tí iléeṣẹ́ gbà, tí wọ́n ń pè ní occupational health. Máníjà ló sábà máa ń rán yín lọ síbẹ̀, ó sì ní ohun tó fẹ́ mọ̀: ṣé ara ẹni yìí gba iṣẹ́ yìí, kí la lè yí padà fún un? Dókítà náà á kọ̀wé èsì sí i. Wọ́n á gbàṣẹ lẹ́nu yín, ẹ sì lè ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí ìwé náà kó tó lọ, ṣùgbọ́n nítorí ìwé yẹn gan-an ni wọ́n ṣe rán yín débẹ̀.

Etí kẹta ni EAP, òun nìkan ni kò ní ìwé èsì kankan láti kọ. Ohun tí agbanisíṣẹ́ ń rí gbà lọ́wọ́ wọn ni iye: èèyàn mélòó ló pè, mélòó ló sọ̀rọ̀ owó, mélòó ló sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, mélòó ló sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Kò sí orúkọ. Òfin ààbò dátà ilẹ̀ náà, tí ọdún 2018, ka ọ̀rọ̀ ìlera èèyàn mọ́ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ dáàbò bò ju àwọn ìsọfúnni yòókù lọ. Ibì kan ṣoṣo tí mo ní kẹ́ ẹ ti là á kẹ́ ẹ tó yanu ni tó bá jẹ́ pé máníjà ló fúnra rẹ̀ darí yín síbẹ̀. Ẹ bi olùdámọ̀ràn pé: kí lẹ máa sọ fún un padà? Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ jáde lẹ́nu.

Ohun mìíràn tí pósítà ò sọ: ẹ má fi fóònù iléeṣẹ́ pè, ẹ má sì fi ímeèlì iṣẹ́ forúkọ sílẹ̀ lórí áàpù wọn. Ètò náà lè pa àṣírí mọ́, àmọ́ kọ̀ǹpútà ọ̀gá yín kò bá yín ṣàdéhùn.

Ògiri wà láàárín EAP àti ọ̀gá yín, ó sì nípọn. Ohun tí mi ò tíì rí kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún àwa tá a wá láti òkè òkun ni pé ògiri náà ń dí ìhà méjèèjì. Ohun tẹ́ ẹ sọ fún EAP, ọ̀gá yín kò gbọ́ ọ. Nítorí náà, tí ìjà bá dé lọ́la, ẹ ò lè sọ pé ẹ ti sọ fún un.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Arábìnrin kan á máa bá olùdámọ̀ràn sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́fà gbáko, á ní iṣẹ́ alẹ́ mẹ́rin léraléra ló ń ba òun jẹ́. Olùdámọ̀ràn á gbọ́, á bá a tú u palẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè pe máníjà pé kó dín iṣẹ́ alẹ́ náà kù, kò sì lè kọ ìwé àìsàn fún un. Bí àìsàn bá kọjá ọjọ́ 7 ní Gẹ̀ẹ́sì, ìwé tí iléeṣẹ́ á béèrè ni èyí tí wọ́n ń pè ní fit note, ọ̀dọ̀ GP yín, dókítà àdúgbò tẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, lẹ ti sábà máa gbà á. Láti 2022, nọ́ọ̀sì, apòògùn àti àwọn oníṣẹ́ ìlera mélòó kan náà lè fọwọ́ sí i. Olùdámọ̀ràn EAP ò sí lára wọn.

Òfin Equality Act ti 2010 náà wà níbẹ̀. Àìlera ọkàn tó ti pé oṣù 12, tàbí tó jọ pé á pé bẹ́ẹ̀, tó sì ń dí èèyàn lọ́wọ́ gan-an nínú ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́, òfin lè kà á sí àbùkù ara, kó sì pàṣẹ fún agbanisíṣẹ́ pé kó ṣe àtúnṣe tó bójú mu síbi iṣẹ́ ẹni náà. Àmọ́ ọ̀gá tí kò mọ̀, tí kò sì sí bó ṣe yẹ kó mọ̀, òfin yẹn ò dè é. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n yí nǹkan padà níbi iṣẹ́ ní láti fi ìwé tàbí ímeèlì tó ní ọjọ́ nínú sọ fún máníjà tàbí HR. EAP ni ibi tẹ́ ẹ ti lè sunkún. HR ni ibi tẹ́ ẹ ti ń gba ẹ̀tọ́. Ẹni tó bá gbé ọ̀kan sípò èkejì á pàdánù.

Ó kù sí ibi tí ògiri náà ti ní fèrèsé, nítorí àwọn ìgbà kan wà tí òfin lè ṣí àṣírí yìí. Bí olùdámọ̀ràn bá rí i pé ẹ̀mí yín tàbí ẹ̀mí ẹlòmíràn wà nínú ewu gidi, ó lè sọ fún ẹni tó lè gbà yín. Bí ẹ bá sọ pé ẹnì kan ń fìyà jẹ ọmọdé, kò ní dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ìpániláyà, òfin ti 2000 ti dè é pé kó sọ. Adájọ́ sì lè pàṣẹ pé kí wọ́n gbé ìwé wá. Àwa tá à ń tọ́jú aláìsàn, ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn: ẹni tó bá ní òun ń mutí wọ ibi iṣẹ́, tí aláìsàn sì wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, olùdámọ̀ràn lè ka ìyẹn mọ́ ewu ẹlòmíràn. Wọ́n sábà máa ń ka gbogbo èyí sí yín létí níbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í tẹ́tí, nítorí àyà wọn ń já nígbà yẹn.

Ó wá kan físà, tó jẹ́ gbòǹgbò ẹ̀rù àbúrò mi. EAP kì í fìwé ránṣẹ́ sí Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí físà. Ìtọ́jú NHS, ètò ìlera ìjọba, pàápàá kò sí lára ohun tí wọ́n ń pè ní public funds, ìyẹn owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba, èyí tí wọ́n kọ sórí físà ọ̀pọ̀ wa pé a ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Ti EAP tí agbanisíṣẹ́ yín fowó ara rẹ̀ rà kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Àmọ́ agbanisíṣẹ́ tó ṣe onígbọ̀wọ́ fún yín gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba létí bí ẹ bá pa iṣẹ́ jẹ láìgbàṣẹ fún ohun tó lé ní ọjọ́ iṣẹ́ 10 léraléra. Ẹ rí i? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá EAP sọ ló lè kan físà. Kí ọkàn èèyàn dàrú, kó pa fóònù, kó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, kó má sọ fún ọ̀gá pé ara òun ò yá, ìyẹn ló léwu.

Bí ìpè náà ṣe rí gan-an ńkọ́? Mo jókòó ti àbúrò mi lọ́jọ́ tó pè, nínú yàrá rẹ̀, fóònù wà lórí ibùsùn láàárín wa. Ẹni tó gbé e béèrè orúkọ iléeṣẹ́, orúkọ tó fẹ́ kí wọ́n máa pe òun, nọ́ńbà tí wọ́n lè fi pè é padà bí ìlà bá já, àti ibi tó wà lákòókò yẹn. Lẹ́yìn náà ló béèrè, láìyí ohùn padà: "Ṣé ó ti ń wá sí yín lọ́kàn láti ṣe ara yín ní jàǹbá?" Ojú àbúrò mi yí sí mi gìrì. Ó rò pé ọlọ́pàá ló kàn. Wọ́n sábà máa ń bi ẹni tó bá pè ní ìbéèrè yẹn, àní ẹni tó pè nítorí owó iná pàápàá. Òtítọ́ ni kẹ́ ẹ fi dáhùn. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò ní jọ̀wọ́ yín sílẹ̀: wọ́n á bi yín ta ló wà lọ́dọ̀ yín, wọ́n á sì bá yín dé ibi ìtọ́jú. Bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀ tí ẹ ò sì fẹ́ gba ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ rárá, ẹ pe 111 ti NHS kẹ́ ẹ yan 2 ní Gẹ̀ẹ́sì, tàbí Samaritans, ẹgbẹ́ tó ń tẹ́tí sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú, ní 116 123, ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán-tòru. 999 ni ti ewu ojú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí àwa fi ń pe oníṣẹ́ yìí gan-an tún máa ń ṣì wá lọ́nà. Olùdámọ̀ràn là ń pè é, la bá ń retí ìmọ̀ràn: kó ní "lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọkọ ẹ," tàbí "má dá ẹbí ẹ lóhùn," bí àgbà ilé ṣe máa dá ẹjọ́. Kò ní dá ẹjọ́ kankan. Ìbéèrè lá máa bi yín, á wá dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn á rí bíi pé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yín. Àbúrò mi jáde nínú ìjókòó kìíní ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sọ nǹkan kan!" Nígbà tó máa di ẹ̀kẹta, ó ní òun ò tíì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 50 rí láyé òun kí ẹnikẹ́ni má já a lẹ́nu.

Ẹ lè béèrè ẹni tó gbọ́ Yorùbá tàbí ògbufọ̀. Wọ́n lè rí i, wọ́n lè má rí i. Bí wọ́n bá rí ògbufọ̀, èmi ní tèmi á ní kí wọ́n wá a láti ìlú mìíràn. Ní Leeds, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ yín lọ́jọ́ Tuesday jẹ́ ẹni tó ń gba owó ìdámẹ́wàá ní ṣọ́ọ̀ṣì yín lọ́jọ́ Sunday. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá olùdámọ̀ràn yín kàwé débẹ̀, ẹgbẹ́ wọn tó tóbi jù, BACP, ní ìwé orúkọ tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò.

Àwọn tó ń bá yín sọ̀rọ̀ gbèsè á ní kẹ́ ẹ to owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde. Ẹ má fi owó tẹ́ ẹ ń fi ránṣẹ́ sílé pamọ́, nítorí òun ló ń jẹ́ kí ìṣirò wọn má bá ara mu. Ẹ sì ṣàlàyé àjọ fún wọn. Mo mọ arákùnrin kan tí wọ́n kọ àjọ rẹ̀ sábẹ́ gbèsè, tí wọ́n ń bi í iye èlé tó ń san lórí rẹ̀. Owó tó ń dá ni, oṣù tirẹ̀ ni kò tíì kàn.

Ẹ̀ẹ̀kan ẹ lè bi mí pé kí ló ń mú kí iléeṣẹ́ máa náwó lórí irú èyí. Ọtí ló bí i. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous sílẹ̀ ní 1935, nígbà tó sì fi máa di àwọn ọdún 1940, àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá bíi DuPont àti Eastman Kodak ti ní ètò fún òṣìṣẹ́ tí ọtí ń bá jà, nítorí lílé ọ̀mọ̀ṣẹ́ lọ kò bá wọn lérè. Láàárín àwọn ọdún 1970 ló gbòòrò kọjá ọtí, tó kan ìyàwó, ọmọ, owó àti ọkàn.

Ní Gẹ̀ẹ́sì, òfin tún ti àwọn agbanisíṣẹ́ síbẹ̀. Ní 2002, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ nínú ẹjọ́ Hatton pé agbanisíṣẹ́ tó bá pèsè irú ìrànlọ́wọ́ àṣírí báyìí, ó ṣòro kó jẹ̀bi pé òun ló fi iṣẹ́ ba ọkàn òṣìṣẹ́ jẹ́. Ẹ lè fojú inú wo bí àwọn iléeṣẹ́ ṣe ń sáré lọ ra nọ́ńbà 0800. Ṣùgbọ́n ní 2007, ẹjọ́ tí obìnrin kan tó ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà Intel pè é dé ilé ẹjọ́ kan náà. Iṣẹ́ ti kúnlẹ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, ó sì ti kọ̀wé léraléra sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ tó dàrú nítorí iṣẹ́ náà. Intel ní àwọn ní olùdámọ̀ràn tó lè lọ bá. Ilé ẹjọ́ ní ìyẹn ò tó: olùdámọ̀ràn ò lè dín iṣẹ́ kù, ọ̀gá nìkan ló lè dín in. Obìnrin náà jàre. Ẹ kíyè sí i pé ìwé tó kọ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ló gbà á, kì í ṣe ohun tó bá olùdámọ̀ràn sọ.

Àwọn tó wà nílé ń béèrè tiwọn náà. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá kan ní Èkó ní irú ètò yìí, ẹ wo inú ìwé HMO yín dáadáa. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí ààrẹ fọwọ́ sí ní January 2023 ti gbapò òfin àtijọ́ tó ń pe èèyàn ní wèrè láti ojú ìwé àkọ́kọ́. Ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro, l'Abẹ́òkúta, sì ṣì wà. Níbẹ̀ ni Dókítà Thomas Adeoye Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé rẹ̀ ní 1954: aláìsàn á máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé, ẹbí rẹ̀ kan á sì bá a débẹ̀. Kò gbà pé èèyàn lè dá nìkan ṣàìsàn ọkàn, kó dá nìkan gbádùn.

Ìyẹn ló mú mi dé ọ̀rọ̀ ẹbí, tí wọ́n máa ń fi lẹ́tà kéékèèké kọ sí ìsàlẹ̀ pósítà. Púpọ̀ nínú àwọn ètò yìí gba ọkọ tàbí ìyàwó tó ń bá yín gbélé mọ́ra, àti àwọn ọmọ láti bí ọdún 16 tó ṣì wà nílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n àdéhùn kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Bàbá yín tó wà n'Íbàdàn kò sí níbẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin lè pè nípa bàbá yín, nípa rọpárọsẹ̀ tó ṣe é àti owó oògùn tó ń jẹ yín lọ́kàn, nítorí ẹrù tiyín nìyẹn. Bí tọkọtaya bá sì pè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, fáìlì wọn ò pàdé. Ohun tí ìyàwó sọ, wọn ò ní sọ ọ́ fún ọkọ.

Àbúrò mi ti lo márùn-ún nínú mẹ́fà rẹ̀. Ó ti gba ìwé lọ́dọ̀ GP, ó ti kọ ímeèlì sí máníjà, wọ́n sì ti dín iṣẹ́ alẹ́ rẹ̀ kù sí méjì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù mi ní nǹkan bí aago méjì òru. Ọkọ rẹ̀ ni. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ìyàwó mi pé mo béèrè o. Kí ni nọ́ńbà yẹn?"